Ẹgbẹ́ Wa Lórí WhatsApp: Kí Ló Ń Gbé Èèyàn Wọlé, Kí Ló Ń Mú Un Dúró, Kí Ló Ń Lé E Jáde?

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí aago mọ́kànlá ti kọjá, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ kọ ọ̀rọ̀ sórí gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́ wa níbí ní Kánò. Ó ní ara ọmọ òun gbóná, gìrì ti mú un, ọkọ òun ò sí nílé, òun ò sì mọ bí òun ṣe máa dé ọsibítù lóru yẹn. Àwa tá a wà lórí gúrúùpù náà lé ní igba. Kó tó pé ìdajì wákàtí, ọ̀pọ̀ ti dáhùn. "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà." "Ọlọ́hun á fún un ní àlàáfíà." "Kò ní kú lórúkọ Jésù." Àwòrán ọwọ́ àdúrà tò tẹ̀lé ara wọn láti òkè délẹ̀. Àwa tí à ń kọ èyí náà fi tiwa sí i, a sì sùn.

Ẹnì kankan ò lọ. Aládùúgbò rẹ̀ kan tó jẹ́ Háúsá ló wá ọlọ́kọ̀ Adaidaita Sahu tó gbé tìyá-tọmọ. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá náà kúrò lórí gúrúùpù. Oṣù mẹ́ta gbáko kọjá kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

A mọ̀ pé kì í ṣe pé ìkà ni wá. Bí ilé ẹnìkan bá jó, ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ń dá owó. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n rí ló sì bá ẹgbẹ́ orí fóònù mu. A to àwọn nǹkan náà síbí kí àwọn èèyàn wa ní Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Sókótó, Mínà, Màídúgùrì, Kàlàbá àti ibi gbogbo tí ọmọ Yorùbá tẹ̀dó sí lè rí i lò.

ẸGBẸ́ KÌ Í ṢE TUNTUN, FÓÒNÙ LÓ ṢẸ̀ṢẸ̀ DÉ

Kí WhatsApp tó dé, àwọn bàbá wa ti ń ṣe ẹgbẹ́ lẹ́yìn odi. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní 1911, ọ̀pọ̀ èèyàn wa bá a wá gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò. Sábóngàrí ni ọ̀pọ̀ wọn fìdí kalẹ̀ sí. Ìtumọ̀ orúkọ yẹn lédè Háúsá ni ìlú tuntun. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹgbẹ́ ló ń bá a wá yàrá, tó ń bá a dá àjọ, tó ń dúró tì í bó bá ń ṣègbéyàwó, tó sì ń sin ín bó bá kú.

Ohun kan wà tó yẹ ká ṣàkíyèsí. Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà tó di gbajúmọ̀ nílé, ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ ní 1945. Ọdún 1948 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i ní Ilé-Ifẹ̀. Kò yà wá lẹ́nu. Nílé, Ìjẹ̀bú ni wá, Ẹ̀gbá ni wá, Ọ̀fà ni wá, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Ìgbà tá a bá dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè pe orúkọ wa bó ṣe yẹ la máa ń rántí pé Yorùbá ni gbogbo wa.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ti pẹ́ díẹ̀. Ọdún 2005 ni Ṣeun Osewa dá Nairaland sílẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà káàkiri ayé ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. WhatsApp dé ní 2009, Facebook sì rà á ní 2014. Nígbà kan, èèyàn 256 ni gúrúùpù kan lè gbà. Ní 2022, wọ́n sún un dé 512, kí ọdún yẹn sì tó parí, ó ti di 1,024. Ẹgbẹ́ tí kò rí gbọ̀ngàn tó lè gba ọgọ́rùn-ún èèyàn wá ní gbọ̀ngàn tó gba ẹgbẹ̀rún, nínú àpò ṣòkòtò.

KÍ LÓ Ń GBÉ WA WỌLÉ?

Ní 1995, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Roy Baumeister àti Mark Leary, kọ ìwé kan tí àwọn olùwádìí ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Wọ́n ní wíwà láàárín ẹni ẹni kì í ṣe fàájì lásán, pé ó ń pa ènìyàn bí ebi ṣe ń pa á. Wọ́n sì ní ohun méjì ló ń pa ebi náà. Èkíní, kí èèyàn máa bá àwọn kan pàdé déédéé láìsí ìjà. Èkejì, kó dá a lójú pé àwọn èèyàn náà bìkítà fún òun, pé wọn ò ní fi òun sílẹ̀ lọ́la.

Àwa tá a wà lẹ́yìn odi mọ ebi yìí dáadáa. Ẹni tó bá ti fi Háúsá ta ọjà láti àárọ̀ dalẹ́, tó wá gbọ́ ohùn àgbàlagbà kan lórí fóònù tó ń fi èdè Ìjẹ̀ṣà ṣàwàdà, ara rẹ̀ á tutù pẹ̀sẹ̀. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tí kò tíì lè relé, gúrúùpù ló fi ń ṣe ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ohun àkọ́kọ́ tí Baumeister àti Leary sọ, ìyẹn ìpàdé déédéé, WhatsApp ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Láti "ẹ káàárọ̀" ìdájí títí dé àdúrà àsùnwọ̀n, ọ̀rọ̀ ò dá. Ìkejì, ìdánilójú pé wọ́n bìkítà fún mi, fóònù ò lè fúnni. Èèyàn ló ń fúnni.

Ó tún rọrùn jù láti di "àwa." Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Henri Tajfel ní yunifásítì Bristol fi àwọn ọmọkùnrin ilé ìwé dán nǹkan wò. Ó sọ fún àwọn kan pé àwòrán Klee ni wọ́n fẹ́ràn jù, ó sọ fún àwọn yòókù pé ti Kandinsky ni. Irọ́ ni o, ṣe ló kàn pín wọn bó ṣe wù ú. Síbẹ̀, nígbà tó ní kí wọ́n pín owó, wọ́n fún ẹgbẹ́ tiwọn ní èyí tó pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń fún, wọn ò sì ní jèrè kankan níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé bó ṣe rọrùn láti di "àwa," bẹ́ẹ̀ náà ló rọrùn láti sọ ẹlòmíràn di "àwọn." Àwa tí à ń gbé láàárín ẹ̀yà míì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Nígbà tí ìlú bá gbóná, àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí kò ní orísun lè mú ká máa wo aládùúgbò wa bí ọ̀tá. Láti oṣù kẹrin 2020, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, WhatsApp ò jẹ́ kéèyàn fi í ránṣẹ́ sí ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tiwa la máa kọ́kọ́ lò. Ẹ rántí ẹni tó wá ọkọ̀ fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lóru ọjọ́ yẹn.

WÍWỌLÉ YÀTỌ̀ SÍ DÍDI ỌMỌ ẸGBẸ́

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ máa gba fọ́ọ̀mù, á san owó ìwọlé, á wá dìde dúró níwájú ìpàdé. Wọ́n á bi í pé, "Ọmọ ta ni ẹ́? Agbo ilé wo?" Bàbá kan á ní òun mọ bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó ti di ẹni tí a mọ̀.

Ní 1959, Elliot Aronson àti Judson Mills dán irú nǹkan yìí wò lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ kan tó ń jíròrò. Wọ́n mú kí àwọn kan kọ́kọ́ ṣe ìdánwò tó ń tini lójú gan-an, wọ́n fún àwọn kan ní èyí tó rọrùn, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tó kù wọlé láìṣe nǹkan kan. Ìjíròrò tí wọ́n wá gbọ́ níkẹyìn ò dùn rárá. Síbẹ̀, àwọn tí ìwọlé le fún ló fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà jù.

A ò sọ pé kẹ́ ẹ máa fìyà jẹ èèyàn o. Ohun tí a ń sọ ni pé ibi tí èèyàn bá ti fi nǹkan sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń wà. Lórí WhatsApp, ádímìnì kàn máa tẹ nọ́ńbà ni, o ti wọlé. Nígbà míì pàápàá, wọn ò béèrè lọ́wọ́ rẹ. Láti 2019 ni WhatsApp ti fún wa láyè láti yan ẹni tó lè fi wá sínú gúrúùpù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ò mọ ibi tí wọ́n ti ń yàn án. Ẹni tí wọ́n fi sínú gúrúùpù láìmọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò kí, tí wọn ò fún níṣẹ́ kankan, àlejò ni títí tó fi máa jáde.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó lo ọdún kan láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí akọ̀wé rìnrìn àjò, wọ́n ní kó bá wọn kọ orúkọ àwọn tó san owó òkú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni iṣẹ́ ọ̀hún gbà. Láti ìgbà náà, òun ló ń kọ́kọ́ dé ìpàdé, òun ló sì ń ránni létí owó oṣù. Iṣẹ́ kékeré yẹn ló sọ ọ́ di ọmọ ilé.

ÀWỌN TÓ Ń DÁKẸ́

Jakob Nielsen, tó gbajúmọ̀ nínú ìwádìí bí èèyàn ṣe ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kọ ọ́ ní 2006 pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó wà nínú ẹgbẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, bí 90 ló kàn ń kà, 9 ń dá sí i díẹ̀díẹ̀, ẹnìkan péré ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀. Ìṣirò gbogboogbò ni, kì í ṣe òfin. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí gúrúùpù tiyín wò: àwọn orúkọ mẹ́wàá kan náà lẹ máa rí.

Àwọn olórí ẹgbẹ́ máa ń bínú sí àwọn tó ń dákẹ́. "Wọ́n kàn ń yọjú wo wá ni." Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a béèrè lọ́wọ́ àwọn kan, ohun tí wọ́n sọ nìyí:

• Dátà ò tó, alẹ́ ni wọ́n ń tan fóònù.
• Wọn ò mọ Yorùbá kọ, wọ́n ń bẹ̀rù kí àwọn àgbà má fi wọ́n ṣẹlẹ́yà. Àwọn ọmọ tí a bí síbí, tí Háúsá já geere lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ, ló ń sọ èyí jù.
• Wọ́n jẹ gbèsè owó oṣù, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí orúkọ wọn.
• Àwọn obìnrin kan ní bí àwọn bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan á wá fi ọ̀rọ̀ kò wọ́n lójú nínú ìta gbangba.
• Nǹkan ò dáa fún wọn, inú gbogbo èèyàn sì dà bí ẹni ń dùn níbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ìnáwó àti aṣọ ẹbí.

Ẹ wò ó, kò sí ẹnìkan nínú wọn tó ní òun ò fẹ́ràn ẹgbẹ́. Ẹni tó dákẹ́ ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìròyìn òkú tó iyàwó rẹ̀ létí. Ọmọ ẹgbẹ́ ni. Àmọ́ bí wàhálà bá dé bá a, ta ni yóò mọ̀?

BÍ ÈRÒ BÁ PỌ̀, TA NI YÓÒ DÌDE?

Ibí ni ọ̀rọ̀ òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn wà. Ní 1968, John Darley àti Bibb Latané gbé ìwádìí wọn jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sínú yàrá tirẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò lè rí ara wọn, ohùn nìkan ni. Láìpẹ́, ohùn ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í já, bí ẹni tí wárápá mú, ó ń ké pé kí wọ́n gba òun. Nínú àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló gbọ́ ọ, 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ pe ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́ kí ohùn náà tó dákẹ́. Nínú àwọn tó rò pé àwọn mẹ́rin míì tún ń gbọ́, 31 péré ló lọ.

Kì í ṣe pé àwọn tó jókòó ò láàánú. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọkàn wọn ò balẹ̀. Ohun tó dá wọn dúró ni pé kálukú ń rò pé ẹlòmíràn á ti lọ. Bí ẹnìkan bá ń gbọ́, gbogbo ẹrù ọ̀hún wà lórí ẹ̀. Bí igba èèyàn bá ń gbọ́, ẹrù náà pín sí ọ̀nà igba, kò sì wúwo lọ́rùn ẹnikẹ́ni mọ́.

Gúrúùpù WhatsApp dà bí àwọn yàrá yẹn gẹ́lẹ́. A ò rí ara wa. A ò mọ ẹni tó ti wọ bàtà, a ò mọ ẹni tó ti sùn. Àwọn tó ń gbé ní òpópónà kejì sí ìyá yẹn rò pé àwọn tó ń gbé ní òpópónà rẹ̀ á ti lọ. Àwọn ti òpópónà rẹ̀ rò pé àwọn olóyè ẹgbẹ́ á ti gbọ́. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ ti sùn. Àdúrà dára, a ò ní yé gbà á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àdúrà tí a tẹ̀ yẹn tún mú kó dà bíi pé a ti ṣe nǹkan kan.

KÍ LÓ Ń LÉ ÈÈYÀN JÁDE?

Ọ̀pọ̀ ń rò pé ìjà ló ń lé èèyàn jáde. Ìjà wà lóòótọ́: òṣèlú, ẹ̀sìn, owó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jà ṣì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun. Èyí tó ń dunni jù ni kí wọ́n ṣe bíi pé èèyàn ò sí níbẹ̀.

Kipling Williams jókòó sí ibi ìgbafẹ́ kan lọ́jọ́ kan, àwọn méjì tó ń ju àwo eré síra wọn sì ju ú sí i. Ó jù ú padà, wọ́n bá a ṣeré díẹ̀, wọ́n sì ṣíwọ́ láti máa jù ú sí i láìsọ ohunkóhun. Ó dùn ún ju bó ṣe rò lọ. Látara rẹ̀ ló fi ṣe eré bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Cyberball, tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣèwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2000. Nínú eré náà, àwọn méjì á máa gbá bọ́ọ̀lù fún ara wọn, wọn ò ní fún ẹnì kẹta. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ó ti tó láti ba ọkàn èèyàn jẹ́. Nínú ìwádìí míì tó tẹ̀lé e, wọ́n sọ fún àwọn kan pé kọ̀ǹpútà lásán ló ń gbá a, kì í ṣe èèyàn. Ó ṣì dùn wọ́n.

Bí kọ̀ǹpútà bá lè dunni bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ẹni ńkọ́? Ẹ fojú inú wo ẹni tó kọ ọ́ pé ìyá òun kú nílé, tí ẹnì kan sì gbé àwòrán ankara tó fẹ́ tà sójú ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Ó ń rí àmì búlúù méjì. Ó mọ̀ pé wọ́n kà á.

Láti 2022, ẹni tó bá jáde nínú gúrúùpù, àwọn ádímìnì nìkan ni WhatsApp ń sọ fún. Ó bo àṣírí ẹni tó lọ, ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí pé bí ádímìnì ò bá bìkítà, èèyàn lè kúrò láàárín wa kí ilẹ̀ má sì mì rárá.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ohun tí a rí nínú gbogbo èyí ni pé orúkọ tó wà lórí gúrúùpù kọ́ ni jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ ni ẹni tó jẹ́ pé bí kò bá sí, ẹnìkan tí a mọ orúkọ rẹ̀ máa wá a. Àwọn ìgbésẹ̀ yìí ń ṣiṣẹ́:

1. Ẹ pín in. Robin Dunbar, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé nǹkan bí 150 ni iye èèyàn tí ẹnìkan lè mọ̀ dunjú kó sì máa bá wọn ṣe. Gúrúùpù tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìkéde ló dára fún. Ẹ pín ẹgbẹ́ sí òpópónà òpópónà, kí èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà lábẹ́ ẹnìkan tó máa dáhùn fún wọn.

2. Ẹ pe orúkọ. Ẹni tó bá nílò ìrànlọ́wọ́, kó má kọ "ẹ̀yin èèyàn wa" nìkan. Kó pe ẹnìkan: "Bàbá Ridwan, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wá ọkọ̀." Ẹrù tó ní orúkọ, ẹnìkan máa gbé e.

3. Kí ẹni tó fẹ́ lọ sọ ọ́. "Mo ti ń bọ̀" wúlò ju ogún àwòrán ọwọ́ àdúrà lọ. Bí ẹnìkan ò bá sọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò lọ.

4. Ẹ kí ẹni tuntun pẹ̀lú ohùn. Kí ẹnìkan pè é lórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó bi í ní ìlú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ibi tó ń gbé. Kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré kan.

5. Ẹ má gbé orúkọ àwọn onígbèsè síta. Akápò lè bá kálukú sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Owó lè padà wọlé, ẹni tí a ti dójú tì kì í sábà padà.

6. Ẹ ya ọjà sọ́tọ̀. Kí ìpolówó ní gúrúùpù tirẹ̀. Àwa oníṣòwò la ń sọ èyí, ó sì dùn wá díẹ̀.

7. Ẹ gba ohùn àti àṣìṣe láyè. Kí ọmọ tí kò mọ Yorùbá kọ fi ohùn ránṣẹ́. Ẹni tó bá fi í ṣẹlẹ́yà, kí àwọn àgbà bá a wí.

8. Ẹ má jẹ́ kí ìpàdé ojúkojú kú. Fóònù ń múni rántí ara ẹni, ṣùgbọ́n orí àga àti abọ́ ìrẹsì la ti ń mọ ara ẹni.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Ìyá Ẹgbẹ́ àti àwa lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹlẹ́lùbọ́. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a ní ẹ má bínú mà. Ó fún wa ní omi. Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí mi nínú. Èmi ni mo rò pé mo ní igba ẹbí." Kò tíì padà sórí gúrúùpù títí di bí a ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ti pín báyìí ní òpópónà òpópónà, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń rí sí òpópónà tirẹ̀, bó wà lórí WhatsApp àbí kò sí.

Àwọn àgbà ní èèyàn laṣọ mi. Aṣọ tí a kàn kó sínú àpótí, tí a ò yẹ̀ wò, kòkòrò á jẹ ẹ́. Ẹ ṣí gúrúùpù yín lálẹ́ òní. Ẹ wá orúkọ kan tẹ́ ẹ ò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ẹ má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ pè é.